Frame generation lórí ROG Ally: nọ́ńbà ti di 80, àmọ́ ọwọ́ ṣì wúwo

Ọmọ_Tanke

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ frame generation ni mo gbé wá, ìyẹn kí ẹ̀rọ máa ya fíréèmù (àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń jáde) àtọwọ́dá kún èyí tí géèmù yà.

ROG Ally, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká ti ọdún 2023, ni mò ń lò, èyí tó ní ṣípù Z1 Extreme àti RAM 16GB, síkírìn 1080p, 120Hz. Windows 11 ló wà nínú rẹ̀. Géèmù tó ń yọ mí lẹ́nu ni Cyberpunk 2077. Mo fi resolution sí 1080p, FSR (èyí tó ń jẹ́ kí géèmù ya àwòrán kékeré, kó tó fẹ̀ ẹ́) sí Quality, agbára ẹ̀rọ sí Performance 15W. Níbi tí èrò ò bá pọ̀ sí, FPS (iye fíréèmù ní ìṣẹ́jú àáyá kan) á máa lọ sókè sódò láàárín 38 sí 45. Tí mo bá wọ àárín ọjà, á já sí 31, á tún gbéra.

Mo wá tan AFMF, frame generation inú dráífà AMD, nínú áàpù wọn tó ń jẹ́ Adrenalin. Nọ́ńbà inú overlay (ìṣirò tó ń hàn lórí síkírìn) gòkè dé 76, nígbà míì 80. Ojú rí i pé ó ń yọ̀ geere, àmọ́ ọwọ́ ò gbà. Tí mo bá ti ọ̀pá ìdarí ọ̀tún, àfi bíi pé kámẹ́rà kọ́kọ́ ń rò ó kó tó yí. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ń jáde nísàlẹ̀ síkírìn ń gbọ̀n, etí máàpù náà ń já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Tí mo bá sì yí kámẹ́rà kíákíá, gbogbo yíyọ̀ yẹn á pòórá lójijì, á tún padà wá tí mo bá dúró.

Ṣé bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, àbí dráífà ló bàjẹ́? Nínú FSR 3 tó wà nínú géèmù, AFMF, àti áàpù Lossless Scaling tí gbogbo ènìyàn ń pariwo rẹ̀, èwo ló yẹ kí n dì mú? Àbúrò mi ní Ọ̀fà ní Steam Deck OLED, ẹ̀rọ alágbèéká ti Valve, kò sì rí AFMF lórí tirẹ̀ rárá. Paríparì rẹ̀, ẹ mọ bí iná ṣe ń ṣe: mo fẹ́ sẹ́tìǹgì tí kò ní dàrú tí wọ́n bá mú iná lọ lójijì tí ẹ̀rọ bọ́ sórí bátìrì. Ẹ ṣeun.

Alfa_Ẹ̀rọ

O kú ìbéèrè, àbúrò. Dráífà rẹ ò bàjẹ́. Fíréèmù gidi tí o ń fún AFMF ni kò tó, kò sì dúró sójú kan.

Géèmù á ya fíréèmù kan, á ya èkejì. Frame generation á wo méjèèjì, á fojú bu ohun tó yẹ kó wà láàárín wọn, á sì ya ìyẹn fúnra rẹ̀. Kó tó lè ṣe bẹ́ẹ̀, fíréèmù kejì gbọ́dọ̀ ti délẹ̀. Nítorí náà kì í gbé èkejì yẹn jáde lójú ẹsẹ̀, ó ń dá a dúró kí àtọwọ́dá kọ́kọ́ kọjá. Ibẹ̀ ni ọwọ́ ti ń wúwo. Bí fíréèmù gidi bá jẹ́ 30 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, àlàfo àárín méjì jẹ́ 33.3ms, ìdádúró tó máa gùn ún lórí ò sì ní dín sí ìdajì rẹ̀, ìyẹn 16.7ms, láì tíì ka àkókò tí ẹ̀rọ fi ya àwòrán náà. Ní 40, àlàfo jẹ́ 25ms, ìdádúró 12.5ms. Ní 60, àlàfo 16.7ms, ìdádúró 8.3ms. Bọ́tìnnì tí o tẹ̀ kò sì sí nínú fíréèmù àtọwọ́dá rárá. Fíréèmù gidi nìkan ló mọ̀ pé o tẹ nǹkan. 80 tí o rí yẹn, ojú ló wà fún. Ọwọ́ rẹ ṣì wà ní 38 sí 40, ìdádúró tún ti gùn ún lẹ́yìn.

Wò ó, 45 lọ́nà méjì yẹ kó fún ọ ní 90. Kí ló dé tó fi jẹ́ 76 tàbí 80? Ìdí ni pé AFMF ń jẹ nínú 15W kan náà tí géèmù ń jẹ. GPU (apá tó ń ya àwòrán) tó ti ń ṣiṣẹ́ dé 99% kò ní àyè tó máa fi ya fíréèmù àtọwọ́dá, àfi kó bù ú lára ti gidi. Ohun tó bu 45 kù sí 38 nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀, torí nọ́ńbà ńlá ni wọ́n ń wò.

Nígbà tí AFMF kọ́kọ́ jáde pátápátá ní January 2024, AMD fúnra wọn dámọ̀ràn pé kí fíréèmù gidi tó 55 ó kéré tán ní 1080p. Fún FSR 3, 60 ni wọ́n ní kó tó. Lórí ẹ̀rọ alágbèéká a lè rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ díẹ̀, torí síkírìn kéré, ọ̀pá ìdarí la sì ń fi ṣeré, kì í ṣe máòsì. Fún géèmù ìtàn, èmi á ní 45 sí 50 tó dúró gbọn-in ti tó. 40 ni ààlà. Lábẹ́ 40, pa á tì, kí o wá fíréèmù gidi kún tọwọ́ rẹ.

Bí o ṣe máa wá a nìyí. Pa AFMF ná. Ṣí Armoury Crate, áàpù ìṣàkóso Ally, wọ ibi sẹ́tìǹgì GPU, wo iye RAM tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un. Fi sí 6GB, tún ẹ̀rọ tàn. Má gbé e lọ sí 8GB lórí ẹ̀rọ 16GB fún géèmù tó wúwo báyìí, torí 8GB tó máa ṣẹ́kù ni Windows àti géèmù náà máa jọ pín, ìtàsé (kí àwòrán máa há díẹ̀díẹ̀) á sì pọ̀. Frame generation náà ń lo mẹ́mórì kún ti géèmù, nítorí náà ẹ̀rọ tí mẹ́mórì rẹ̀ ti kún tẹ́lẹ̀ á kàn máa tàsé ni, fíréèmù àtọwọ́dá á sì jẹ́ kí ìtàsé yẹn hàn síta ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, agbára. 15W kéré fún géèmù yìí ní 1080p. Gbé e sí Turbo, ìyẹn 25W lórí bátìrì, 30W tí ṣájà bá wà lára rẹ̀. Tí o bá fẹ́ dúró sí 15W, sọ resolution di 1600x900 tàbí 1280x720. Mọ ohun tí FSR ń ṣe pẹ̀lú: ní 1080p, Quality ń ya àwòrán ní 1280x720 kó tó fẹ̀ ẹ́, Balanced ń yà á ní nǹkan bí 1129x635, Performance ní 960x540. Balanced ò burú lójú síkírìn ínǹṣì méje. Performance ti ń fọ́ irun àti ewé.

Nínú géèmù fúnra rẹ̀, mú preset Steam Deck, kí o wá máa gbé nǹkan sókè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan láti ibẹ̀. Ray tracing gbọ́dọ̀ kú. Òjìji àti ìkùukùu wà ní Low tàbí Medium. Ibi tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni Crowd Density, ìyẹn iye èrò tó ń rìn kiri: fi sí Low. Ọjà tó ń já ọ sí 31 yẹn, CPU (apá tó ń ṣírò ìrìn èrò) ló ń pa á, kì í ṣe GPU. Bí o bá tilẹ̀ sọ resolution di 480p, èrò inú ọjà ò ní dín kù.

Nígbà tí o bá rí i pé ibi tó wúwo jù lọ ò já sábẹ́ 50, wá dè é mọ́ 50, kó má lè kọjá ibẹ̀. Wo GPU nínú overlay. Ó yẹ kó wà ní bíi 80 sí 85%. Àyè tó kù yẹn ni frame generation máa fi ṣiṣẹ́. Tó bá ṣì wà ní 97%, rẹ ìdè náà sílẹ̀ sí 45. Fíréèmù tó ń lọ sókè sódò ló ń ba frame generation jẹ́ jù, torí àlàfo tó ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni ojú ń rí bí ìgbọ̀nrìrì. 45 tó dúró dára ju 38 sí 58 tó ń fò lọ.

Ní ti èyí tó yẹ kó o dì mú: bí géèmù bá ní FSR 3 tirẹ̀, òun ni kó o kọ́kọ́ lò. Cyberpunk ti ní i láti patch 2.13 ní ọdún 2024. Géèmù fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún FSR 3 ibi tí nǹkan kọ̀ọ̀kan ń rìn sí, bí wọ́n ṣe jìnnà tó, ó sì lè ya ọ̀rọ̀ àti máàpù sọ́tọ̀ kí wọ́n má bàa wọ inú àfojúbù. AFMF ò mọ ìkankan nínú èyí. Àwòrán tó ti jáde tán ló ń wò, ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ síkírìn sì dà bí ara ilé àti ọkọ̀ lójú rẹ̀. Ohun tó fà á tí ọ̀rọ̀ rẹ fi ń gbọ̀n nìyẹn. Yíyọ̀ tó ń pòórá tí o bá yí kámẹ́rà kíákíá náà, AFMF ló mọ̀ọ́mọ̀ dáwọ́ dúró, torí ohun tó máa yà nígbà yẹn á burú ju kó má yà lọ.

AFMF wúlò fún géèmù tí kò ní FSR 3. Rí i pé AFMF 2 tàbí 2.1 ló wà nínú dráífà rẹ, èyí àkọ́kọ́ ti di ìtàn. Ṣí Adrenalin pẹ̀lú Alt+R, mú géèmù náà, fi Search Mode sí High kó má máa tètè dáwọ́ dúró, fi Performance Mode sí Performance kó fúyẹ́ lára GPU kékeré. Fi Radeon Chill de fíréèmù, kékeré àti ńlá sí nọ́ńbà kan náà. Bí o bá sì fẹ́ mọ iye tó ń jáde, overlay Adrenalin ni kó o wò. Òǹkà FPS inú géèmù ò rí fíréèmù AFMF.

Má ṣe tan méjì pọ̀ láéláé. FSR 3 frame generation àti AFMF nígbà kan náà, ìdádúró lórí ìdádúró ni.

Àǹtí_Deck_Ọ̀fà

Alfa ti sọ ti Windows tán. Ẹ jẹ́ kí n dá àbúrò wa tó wà ní Ọ̀fà lóhùn lórí ti Steam Deck.

AFMF ò sí lórí SteamOS tó ń ṣiṣẹ́ nínú Deck, torí inú dráífà Windows ló ń gbé. Ohun méjì ló kù fún Deck: FSR 3 tó wà nínú géèmù, àti lsfg-vk. Lsfg-vk ni ọ̀nà tí Lossless Scaling fi wọ Linux láti ọdún 2025. Ẹ gbọ́dọ̀ ra Lossless Scaling lórí Steam, kí ẹ sì fi sínú Deck, torí fáìlì Lossless.dll inú rẹ̀ ni lsfg-vk ń lò. Ẹni tí kò bá rà á, kò ní ṣiṣẹ́ fún un.

Ẹ wọ Desktop Mode, ẹ fi Decky Loader (ohun tó ń fi plugin kún Gaming Mode) sí i. Ẹ padà sí Gaming Mode, ẹ fi plugin Decky LSFG-VK sí i, ẹ tẹ bọ́tìnnì tó ń fi lsfg-vk gan-an sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ mú géèmù tí ẹ fẹ́, ẹ lọ sí Properties, ẹ kọ èyí sí Launch Options:

~/lsfg %command%

Àlàfo kan wà láàárín ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ẹni tó bá kọ ọ́ pọ̀, géèmù náà ò ní ṣí rárá.

Multiplier sí 2. Flow Scale sí nǹkan bí 70 tàbí 80%, Performance Mode kó wà ní títàn, torí GPU Deck kò tó ti Ally, 8 compute unit RDNA 2 péré ló ní. Flow Scale ni bí àwòrán tí wọ́n fi ń fojú bu ìrìn ṣe máa tóbi tó: bí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ẹrù á fúyẹ́, àmọ́ etí ènìyàn tó ń sáré á máa ní òjìji méjì. Lábẹ́ 50%, kò ṣeé wò mọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú rèé. Frame Limit inú mẹ́nù bọ́tìnnì onídọ́ọ̀tì mẹ́ta ń ka gbogbo fíréèmù tó bá jáde, àtọwọ́dá àti gidi. Bí ẹ bá fi sí 45, tí multiplier sì jẹ́ 2, fíréèmù gidi yín ti di 22 nìyẹn, ọwọ́ á sì wúwo bí òkúta. Ẹ pa Frame Limit yẹn. Nínú plugin, ẹ lo Base FPS Cap, ẹ fi sí 45. Síkírìn OLED jẹ́ 90Hz, 45 lọ́nà méjì bọ́ sí i rẹ́gí. Cap yìí wà fún àwọn géèmù tó ń gba inú DXVK (ohun tó ń túmọ̀ DirectX fún Linux), ìyẹn DirectX 8 dé 11. Fún DirectX 12, ẹ lo ìdè fíréèmù inú géèmù fúnra rẹ̀.

Ẹni tó ní Deck LCD, mo ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. 60Hz ni tiyín, tó túmọ̀ sí 30 lọ́nà méjì. Alfa ti ṣàlàyé ohun tí 30 ń ṣe sí ọwọ́. Ẹ fi síkírìn sí 40Hz, ẹ de géèmù mọ́ 40, ẹ gbàgbé frame generation. Fíréèmù gidi 40 lórí 40Hz dára lọ́wọ́ ju 60 tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ àfojúbù lọ, bátìrì náà á sì pẹ́. Elden Ring àti irú rẹ̀ tó nílò kí ènìyàn yẹra fún ìdà lásìkò, ẹ má tilẹ̀ dán 30 lọ́nà méjì wò níbẹ̀.

Tí SteamOS bá ṣe update, Decky lè pòórá nínú mẹ́nù. Ẹ má dàrú. Ẹ padà sí Desktop Mode, ẹ tún fi Decky sí i, àwọn plugin yín á ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ_Tanke

Ẹ ṣeun gan-an, Alfa, Àǹtí. Mo ti fi RAM GPU sí 6GB, Crowd Density sí Low, FSR sí Balanced, Turbo. Ó ń dúró ní 52 dé 56 láìsí frame generation, kódà nínú ọjà. Àmọ́ nígbà tí mo tan FSR 3 frame generation, tí mo sì fi RTSS, áàpù tó ń de fíréèmù, dè é mọ́ 50, overlay ń kọ 50, ara géèmù sì le gbandi bíi pé ó ti di 25. Kí ló ṣe é? Ṣé Lossless Scaling náà á ṣe bẹ́ẹ̀?

Alfa_Ẹ̀rọ

Ohun tí Àǹtí sọ nípa Deck ló ṣẹlẹ̀ sí ọ. RTSS ń ka ohun tó ń jáde lẹ́yìn tí FSR 3 ti ṣiṣẹ́ tán. O ní kó má kọjá 50, ó sì gbọ́: 25 gidi, 25 àtọwọ́dá. Yọ RTSS kúrò. Lo ìdè inú géèmù, kí o sì dán an wò báyìí: fi sí 50 láìsí frame generation, kí overlay kọ 50. Tan frame generation. Bó bá di 100, ìdè géèmù náà ń de fíréèmù gidi, ó dáa. Bó bá dúró ní 50, òun náà ń de gbogbo ẹ̀. Gbé e sí 100. Géèmù kan yàtọ̀ sí òmíràn nínú èyí, nítorí náà dán an wò nínú kọ̀ọ̀kan.

100 lórí síkírìn 120Hz kò ní ìṣòro, torí Ally ní VRR (kí Hz síkírìn máa tẹ̀lé fíréèmù) láti 48 dé 120Hz. Legion Go àkọ́kọ́ ni kò ní VRR. Ẹni tó ní ìyẹn gbọ́dọ̀ ṣọ́ra pé kí iye tó ń jáde bá Hz síkírìn mu, bíi 72 lọ́nà méjì lórí 144Hz, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ fíréèmù kan á pẹ́ lójú ju èkejì lọ.

Lossless Scaling yàtọ̀. RTSS ń de géèmù fúnra rẹ̀, Lossless Scaling á wá mú àwòrán lójú fèrèsé géèmù, á sọ ọ́ di púpọ̀. Nítorí náà RTSS 50 níbẹ̀ dára, 50 gidi ló máa jẹ́. Dọ́là 6.99 ni wọ́n ń tà á lórí Steam, kò sì nílò AMD. Ẹni tó ní MSI Claw tí Intel wà nínú rẹ̀ lè lò ó, nígbà tí AFMF ò ní gbà fún un.

Sẹ́tìǹgì rẹ̀ lórí Ally: géèmù kó wà ní Borderless, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ Fullscreen, torí kò lè mú àwòrán Fullscreen dáadáa. Mú LSFG 3, X2. Capture API sí WGC tí Windows rẹ bá jẹ́ 24H2, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, DXGI. Flow Scale sí 75%, Performance tàn. Queue Target sí 1: 0 ń dín ìdádúró kù àmọ́ ó ń tàsé bí GPU bá kún díẹ̀, 2 ń yọ̀ jù lọ àmọ́ ọwọ́ á wúwo. Tan Draw FPS kó lè máa kọ méjèèjì sí igun síkírìn, gidi lápá òsì, èyí tó ń jáde lápá ọ̀tún. Bó bá kọ 50/100, o ti dé ibẹ̀. Bó bá kọ 43/86 nígbà tí o dè é mọ́ 50, GPU ti kún, rẹ Flow Scale tàbí resolution sílẹ̀. Ctrl+Alt+S ló ń tàn án tó sì ń pa á. So ó mọ́ bọ́tìnnì M1 tó wà lẹ́yìn Ally nínú Armoury Crate, kí o má bàa máa wá kíbọ́ọ̀dù kiri.

X3 àti X4 tó wà níbẹ̀, má jẹ́ kí ó wọ̀ ọ́ lójú. 40 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 120 lóòótọ́, àmọ́ àwòrán méjì nínú mẹ́ta jẹ́ àfojúbù, àlàfo 25ms yẹn ò sì yí padà.

Adaptive náà wà, tó ń gbìyànjú láti dé nọ́ńbà tí o bá fún un láìka iye fíréèmù gidi sí. Ó ń jẹ GPU ju X2 lọ. Lórí ẹ̀rọ 15W sí 25W, X2 pẹ̀lú ìdè ni mo fara mọ́.

Bọ̀dá_Ìgbómìnà

Gbólóhùn kan péré. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí íntánẹ́ẹ̀tì tàbí tí ẹ ń yìnbọn pẹ̀lú ènìyàn gidi, ẹ pa gbogbo ẹ̀. Ìdádúró data ti wà ńlẹ̀, ìdádúró bọ́tìnnì ò gbọdọ̀ gùn ún. Ẹ sì yẹra fún OptiScaler nínú géèmù tó ní anti-cheat. Ó dára gan-an nínú géèmù tí ẹ ń dá ṣe, àmọ́ ó ń wọ inú fáìlì géèmù láti rọ́pò DLSS (irú FSR ti NVIDIA), anti-cheat sì lè kà á sí ojóoro, kí wọ́n ti àkáǹtì yín. Lossless Scaling àti AFMF ò wọ inú géèmù lọ́nà yẹn.

ỌmọỌ̀mùÀrán

Ẹ kú ooru o. Ọ̀rọ̀ iná tí Ọmọ_Tanke béèrè ni kò tíì rí ìdáhùn, ó sì ṣe pàtàkì ju bí a ṣe rò lọ.

Turbo jẹ́ 30W tí ṣájà bá wà lára Ally. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ó bọ́ sí 25W lójú ẹsẹ̀. Bí o bá de fíréèmù gidi mọ́ ohun tí 30W lè gbé, tí 25W ò sì lè gbé e, ìdè náà ti já nìyẹn. Fíréèmù á bẹ̀rẹ̀ sí í fò, GPU á kún, frame generation á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bù lára ti gidi. Nítorí náà yọ ṣájà kí o tó yan nọ́ńbà ìdè. Ohun tí 25W bá gbé níbi tó wúwo jù lọ, òun ni kó o dè é mọ́, kí ṣájà wà lára rẹ̀ tàbí kó má wà. 45 tàbí 48 á ṣeé ṣe fún ohun tí o ṣàpèjúwe yẹn. Lọ sí Windows pẹ̀lú, rí i pé Energy Saver ò máa tàn fúnra rẹ̀ nígbà tí bátìrì bá lọ sílẹ̀, torí òun náà lè rẹ agbára ẹ̀rọ sílẹ̀.

Bátìrì Ally ti ọdún 2023 jẹ́ 40Wh. Ní Turbo 25W, tí o bá ka síkírìn, fáànù àti Wi-Fi mọ́ ọn, gbogbo ara ẹ̀rọ náà ń jẹ tó 35W. Wákàtí kan àti díẹ̀ ló máa pẹ́. Ally X ní 80Wh, ìyẹn lọ́nà méjì. Ẹni tó bá ní Ally àkọ́kọ́ tí ó sì fẹ́ kó pẹ́, kó padà sí 15W, 1280x720, kó de fíréèmù mọ́ 40, kó sì yan: fíréèmù gidi 40 láìsí nǹkan kan, tàbí X2 sí 80. Ẹ má gbàgbọ́ pé frame generation ń dá bátìrì sí. Kò dá a sí bí ìdè ò bá sí, ó kàn ń pín 15W kan náà lọ́nà mìíràn.

Power bank: kó jẹ́ USB-C PD tó ń gbé 65W jáde, ìyẹn 20V ní 3.25A. Wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, má wo àpótí. Èyí tó ń gbé 18W tàbí 22.5W jáde, ti fóònù ni, ẹ̀rọ á máa ti inú bátìrì ara rẹ̀ mu bí o ṣe ń ṣeré. Steam Deck ò le tó bẹ́ẹ̀, 45W tó o. Lórí inverter, ṣájà 65W kì í ṣe ẹrù rárá. Fíríìjì ló yẹ kó bà wá lẹ́rù. Lórí jẹnẹrétọ̀ kékeré tí fóltéèjì rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ẹ fi stabilizer sí àárín.

Ooru ni ìkejì. Láti February wọ April ní Ìlọrin àti gbogbo àgbègbè wa, yàrá tí fáànù ò yí nínú rẹ̀ lè gbóná tó 35°C, ẹ̀rọ tó ń jẹ 30W á sì máa wá ibi tó máa tú ooru sí. Ihò tí afẹ́fẹ́ gbígbóná ń gbà jáde lára Ally wà lókè, ti ìgbàwọlé wà lẹ́yìn. Má gbé e lé ìrọ̀rí tàbí itan pẹ̀lú aṣọ. Lẹ́yìn ọyẹ́, eruku pupa á ti di mọ́ ẹnu fáànù. Fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n kúrò lóde. Tí o bá fẹ́ fẹ́ atẹ́gùn sí i, pa ẹ̀rọ ná, má sì jẹ́ kí fáànù máa yí àyípo líle fúnra rẹ̀.

Bí o ṣe máa mọ̀ pé ooru ti ń bá frame generation jà: tan Draw FPS, ṣeré fún ogún ìṣẹ́jú, wo nọ́ńbà òsì. Bó bá bẹ̀rẹ̀ ní 48 tó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ sí 44, 42, nígbà tí ibi tí o wà nínú géèmù ò yí padà, ẹ̀rọ ń dín agbára ara rẹ̀ kù. Rẹ ìdè sí 40, tàbí sọ Turbo di 20W lọ́wọ́ nínú Manual mode. 20W tí kò gbóná máa ń dúró ju 30W tó ń gbóná tó ń rẹ̀ lọ.

Ọmọ_Tanke

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo yọ ṣájà, mo de géèmù mọ́ 48 láti inú rẹ̀, FSR 3 ló wà ní títàn, 96 ló ń jáde. Ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ síkírìn ò gbọ̀n mọ́, ọ̀pá ìdarí sì ń dáhùn. Mo ti ju ọ̀nà lsfg-vk yẹn ránṣẹ́ sí Ọ̀fà. Alfa, ìbéèrè kan ṣoṣo tó kù: géèmù tí kò ní FSR 3, tí DirectX rẹ̀ jẹ́ 11, AFMF 2 tàbí Lossless Scaling?

Alfa_Ẹ̀rọ

Bí ọ̀rọ̀ kíkà bá pọ̀ lójú síkírìn, bíi géèmù tí ènìyàn ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ ṣáá, Lossless Scaling pẹ̀lú Flow Scale 100% bí GPU bá gbà á, torí àfojúbù rẹ̀ máa ń mọ́ díẹ̀ ju ti AFMF lọ níbi tí nǹkan ò sáré. Bí GPU bá ti sún mọ́ kíkún, AFMF 2 ní Performance Mode, torí ó fúyẹ́ jù. Fún méjèèjì, ìdè ná, kó tó kan títàn.